Ìmúra Akọrin àti Ìbéèrè Augustine

Orin tí ìjọ ń gbọ́ lọ́jọ́ Àìkú ti bẹ̀rẹ̀ láti àárín ọ̀sẹ̀. Ní Kàtídírà Stéfánù Mímọ́ ní Oǹdó àti ti Dáfídì Mímọ́ ní Àkúrẹ́, gẹ́gẹ́ bíi ti àwọn ìjọ Áńgílíkà ńláńlá yòókù nílẹ̀ Yorùbá, ẹgbẹ́ akọrin ló ń ṣáájú nínú orin ìwọlé, Sáàmù àti áńtéèmù. Kí ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún gan-an? Ṣé kí etí gbádùn ni, àbí kí ọkàn lè gbàdúrà?

Ìbéèrè náà ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 400, Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, jẹ́wọ́ pé nígbà mìíràn adùn ohùn a máa wọ òun lára ju ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ lọ, ó sì ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀ kò ní kí wọ́n pa orin tì, nítorí ó rántí omijé tí orin ìjọ mú jáde lójú rẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́. Bíbélì fúnra rẹ̀ kò bá ìkọ́ṣẹ́ orin jà: Kíróníkà Kìíní, orí 25, ka akọrin 288 tí wọ́n kọ́ dáadáa fún iṣẹ́ ilé Olúwa.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohùn orin lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá. Mí, dò ni ohùn orúkọ Jésù. Bí orin bá gbé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, orúkọ tí ìjọ pé jọ láti yìn ti dàrú lẹ́nu wọn. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí nínú ọ̀pọ̀ orin àkọ́kọ́ tí wọ́n túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì kọ. T. K. E. Phillips wà lára àwọn tó gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Baba rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní Oǹdó ní 1877; òun fúnra rẹ̀ ṣe atẹdùùrù Kàtídírà Kírísítì ní Marina, Èkó, láti 1914 di 1962. Nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Music, tó jáde ní 1953, ó fi yé wa pé ohùn ọ̀rọ̀ ló yẹ kó máa darí ohùn orin.

Nítorí náà, olùdarí tó mọṣẹ́ a máa ní kí akọrin ka ọ̀rọ̀ jáde kí wọ́n tó fi ohùn sí i. Lẹ́yìn náà ni sól-fà: d, r, m lórí pátákó, àmì tó-tò méjì (:) tó ń pín àkókò, fàlà tó ní kí wọ́n fa ohùn gùn. Sọpuránò, áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì a máa kọ́ tiwọn lọ́tọ̀. Ìgbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pàdé ni iṣẹ́ ń le. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ohùn ńlá ní láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí yóò fi máa gbọ́ ẹni tó dúró tì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ̀rù Augustine ti rí ìdáhùn tó lágbára jù: ìdánrawò ló ń kọ́ ohùn láti sin ọ̀rọ̀.

Àwọn kan gbà pé ìmúra púpọ̀ ń dí Ẹ̀mí Mímọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù pàápàá, tí Moses Orímọládé ará Ìkàrẹ́ dá sílẹ̀ ní 1925, orin tí ẹnì kan gbà lójú ìran ṣì ní láti di kíkọ́ fún àwọn yòókù kí gbogbo ìjọ tó lè gbè é.

Ìlù náà ń fẹ́ ìmúra tirẹ̀. Àpérò Vatican Kejì fàyè gba èdè ìbílẹ̀ nínú ìsìn Kátólíìkì ní 1963, orin Yorùbá pẹ̀lú ìlù sì gbilẹ̀. Gángan ń sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí alùlù àti olùdarí ti fẹnu kò lórí ohun tí yóò sọ, kí ó má baà máa ki olówó nígbà tí akọrin ń yin Ọlọ́run.

Kí àwọn akọrin tó wọlé lọ́jọ́ ìsìn, wọn a máa gbàdúrà pọ̀ nínú ẹ̀wù akọrin. Ẹni tí ń bá ará ẹgbẹ́ rẹ̀ yan odì yẹ kó ti parí rẹ̀ ṣáájú èyí. Nígbà tí ìdánrawò mìíràn bá dé, ibi tí áńtéèmù ti yẹ̀ ni ẹgbẹ́ rere ń kọ́kọ́ padà sí, kódà bí ìjọ bá ti pàtẹ́wọ́ fún un.