Eku Ẹmọ́ Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin tí a jọ ń tọ ẹsẹ̀ Ifá, ní ìgbà ìwáṣẹ̀, Ọ̀run àti Ilẹ̀ jọ ṣọdẹ wọ igbó. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, eku ẹmọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rí pa. Ọ̀run ní òun ni àgbà, òun ni yóò mú un. Ilẹ̀ ní ta ló bí Ọ̀run ṣáájú òun? Wọn kò pín in. Ọ̀run bínú gòkè lọ, ó kó òjò lọ. Odò fà, oko gbẹ, ọmú ìyá ọlọ́mọ gbẹ. Nítorí eku ẹmọ́ kan ṣoṣo!

Mo wo Ṣómólú, mo wo Bàrígà, mo rí eku ẹmọ́ yẹn. Ọ̀dá kò dá wa. Ní Ìlàjẹ Bàrígà, àwọn apẹja ṣì ń ti inú ọ̀sà bọ̀, àwọn ìyá ṣì ń yan ẹja. Ọkọ̀ iṣu àti tòmátì ṣì ń já ẹrù ní Máìlì 12. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí náírà sì wó, ọwọ́ kò tó ọjà mọ́. Ní oṣù Kẹfà 2024, owó oúnjẹ ní Nàìjíríà ti fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹni tó ń ra gààrí ní kọ́ńgò wá ń ra á ní dẹ́ríkà. Ní ọdún 2024 kan náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní nǹkan bí 673 mílíọ̀nù ènìyàn ni ebi ń pa láyé, bẹ́ẹ̀ ohun tí ilẹ̀ ń mú jáde tó gbogbo wa jẹ.

Àwọn kan á ní orí olúkúlùkù ló yan ebi fún un. N kò gbà. Orí tí a kúnlẹ̀ yàn ń fẹ́ ẹbọ, ẹbọ sì ń fẹ́ ètò.

Ẹ rántí Yábàá, ìtòsí wa níbí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì 2024, àwọn aṣọ́bodè ń ta ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onífàyàwọ́, àpò oníkílò 25 ní ₦10,000. Èrò rọ́ lu èrò, ènìyàn 7 kú. Inú rere lè wà níbẹ̀, àmọ́ a kì í pe gbogbo ebi ìlú jọ sí ẹnu ọ̀nà kan.

Nínú ìtàn Ọ̀run àti Ilẹ̀ yẹn, nígbà tí a rú ẹbọ tán kí òjò lè padà, kò sí ẹni tí yóò gbé e dé òde ọ̀run. Àwọn ẹyẹ ẹlẹ́wà fò, wọ́n padà. Igún tí gbogbo ayé ń lé kúrò lórí ààtàn ló gbé e dé ibẹ̀, òjò sì rọ̀. Ta ni igún àdúgbò wa? Ìyá olóúnjẹ ni, alájọ ni: àwọn tó mọ ilé tí ìkòkò kò gbóná láti àná. Ọ̀pọ̀ òpópónà ló ti ń dá àjọ oúnjẹ. Wọ́n á jọ ra àpò kan, wọ́n á sì pín in.

Ẹ̀yin alájọ Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá tún ń pín ìrẹsì, ẹ yọ ìpín kan fún ẹni tí kò rí owó dá, kí ẹ gbé e lọ bá a nílé.