Ẹni Tó Rán Ni Níṣẹ́ Náà Yóò Jíhìn

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, ẹ jẹ́ kí á jọ yẹ ìbéèrè kan wò: bí ọ̀gá bá rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sí ìwà àìtọ́, ọrùn ta ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà?

Àwọn eléré kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Eré tó gbajúmọ̀ jù láàrin wọn ni Tour de France. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń sá a, ọ̀nà rẹ̀ sì máa ń ju 3,000 kìlómítà lọ. Ẹni tó bá ti fi eré sísá sílẹ̀ lè di olùdarí ẹgbẹ́. Inú mọ́tò ni yóò wà lẹ́yìn àwọn ọmọ rẹ̀, tí yóò máa sọ ìgbà tí wọn yóò sáré àti ìgbà tí wọn yóò rọra. Òun kò làágùn mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló ń mú ẹlòmíràn làágùn.

Oore lè wà nínú ipò yìí. Cyrille Guimard, ará Faransé, wà ní ipò kejì nínú eré ọdún 1972 nígbà tí orúnkún dídùn mú un fi eré sílẹ̀, tó ku ọjọ́ méjì kí ó parí. Ní 1976 ó di olùdarí. Lọ́dún náà gan-an, Lucien Van Impe gba ipò kìn-ín-ní lábẹ́ rẹ̀. Láàrin 1978 sí 1984, Bernard Hinault gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin, Laurent Fignon lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò dé, ó ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́ débẹ̀.

Johan Bruyneel, ará Bẹ́ljíọ̀m, náà sá eré títí di 1998. Ní 1999 ó di olùdarí ẹgbẹ́ Lance Armstrong, Armstrong sì gba Tour lẹ́ẹ̀meje léraléra, títí di 2005. Ní 2012, àjọ tó ń gbógun ti oògùn eré ní Amẹ́ríkà fi hàn pé oògùn tí òfin kà léèwọ̀ ni wọ́n ń lò. Wọ́n gba oyè méjèèje padà. Ní 2014 wọ́n fòfin de Bruyneel fún ọdún 10. Ní 2018 ilé-ẹjọ́ eré ìdárayá sọ ọ́ di títí ayé.

Ẹnìkan lè ní àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ọmọ ọwọ́, àti pé Al-Kùr'ánì kọ́ wa pé ẹnìkan kò ní ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tún kọ́ wa pé ẹni tó pe ènìyàn sí aburú yóò ní ìpín níbẹ̀, láìdín ti ẹni tó ṣe é kù. Méjèèjì kò tako ara wọn. Ọ̀gá kò ru ẹrù ọmọ iṣẹ́; tirẹ̀ ló ń rù: àṣẹ tó pa, ojú tó dì, èrè tó jẹ. Ẹni tó sì ti gun kẹ̀kẹ́ rí mọ bí ó ti ń ni ọ̀dọ́ lára láti kọ ọ̀rọ̀ sí ọ̀gá lẹ́nu. Ìmọ̀ yẹn ló mú kí ìjíhìn tirẹ̀ wúwo. Síbẹ̀ ọmọ iṣẹ́ kò bọ́, nítorí a kì í tẹ̀lé ẹ̀dá láti ṣẹ Ẹlẹ́dàá.

Òbí tó ń sanwó kí wọ́n lè bá ọmọ rẹ̀ kọ ìdánwò, ọ̀gá tó ní kí ọmọ iṣẹ́ dín òṣùwọ̀n kù, ẹ gbọ́: ẹ kò sí lórí kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wà nínú eré. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Yorùbá ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù. Ọlọ́hun ló sì rán gbogbo wa wáyé, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́.

Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí á ṣi àwọn tó ń tẹ̀lé wa lọ́nà. Àmín.