Àwọn Tó Kù Ńkọ́?

Bíbélì Kíkà: Orin Dáfídì 139:13-16

Olùfẹ́, ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1978 ni wọ́n bí Louise Brown ní ìlú Oldham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ láyé tí ẹyin ìyá àti àtọ̀ bàbá rẹ̀ pàdé nínú àwo, kí wọ́n tó gbé ọlẹ̀ náà sínú ilé ọmọ. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ tó ń sunkún àìrọ́mọbí ti di ìyá ọlọ́mọ. Má ṣe kẹ́gàn wọn. Ẹ̀bùn Olúwa ni ọmọ wọn.

Ṣùgbọ́n ìwọ tó fẹ́ gba ọ̀nà yìí, béèrè ohun kan kí o tó fọwọ́ síwèé. Bí ẹyin márùn-ún bá di ọlẹ̀, tí wọ́n gbé ẹyọ kan sínú rẹ, àwọn tó kù ńkọ́? Wọ́n lè tọ́jú wọn sínú òtútù líle fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì lè dà wọ́n nù.

Dáfídì jẹ́rìí pé Olúwa ti rí òun nígbà tí òun kò tíì pé. Ẹni tí ojú Olúwa ń wò kì í ṣe àjẹkù. Nítorí náà, sọ fún dókítà pé kìkì iye tí ẹ ó gbé sínú ni kí ó ṣe. Ó lè gba owó àti sùúrù sí i. Síbẹ̀, ẹni tó ń tọrọ ọmọ kan kò gbọdọ̀ gbàgbé èkejì.

Àdúrà: Bàbá, ṣí inú àwọn tó ń wojú Rẹ. Kọ́ wa láti bọlá fún ẹ̀mí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, lórúkọ Jésù. Àmín.