Ẹni Tó Ń Kì Wá, Ta Ni Yóò Kì Í?

Láìpẹ́ yìí, ilé iṣẹ́ rédíò kan gbé iṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Bájúláyé, ní Ṣómólú. Àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n fẹ́ pín níbi àjọyọ̀ wọn ni. Ti onígbọ̀wọ́ wọn, gíláàsì ńlá ni, ká fi ẹ̀rọ fín orúkọ sí i lára, ká gbé e sínú àpótí tí wọ́n fi àrán tẹ́. Ti àwọn olóyè, pátákó dídán ni, pẹ̀lú irin aláwọ̀ wúrà lójú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìwé pátápátá ni mo ti rí orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù fún wọn: ìwé-ẹ̀rí kan, orí káàdì lásán, kò ní férémù. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ wá pé kí ló dé. Ó ní, "Àlàájì, iṣẹ́ rẹ̀ náà ló kúkú ń ṣe. A ń sanwó oṣù fún un."

Mo bá a ṣe káàdì náà, mo sì fi férémù sí i láìgbowó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Bí a bá ti sanwó fún ènìyàn, ṣé ọpẹ́ ti tán nìyẹn?

Bàbá mi ló dá ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀, láyé ìgbà tí wọ́n ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ̀wé. Rédíò kan wà lórí pẹpẹ. Ní Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, wọ́n pa ẹ̀rọ, èrò kún ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà, torí Nàìjíríà ń bá Algeria du ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Sùúrùlérè. Segun Odegbami gbá méjì sáwọ̀n, Muda Lawal gbá ẹyọ kan, Algeria kò rí ọ̀kan dá padà. Henry Nwosu, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Finbarr's ní Àkọka tó bá wa pààlà níhìn-ín, wà nínú ikọ̀ náà. Ìjọba Shehu Shagari dá àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́lá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohùn tí gbogbo ìlú mọ̀ nígbà náà ni ti Ernest Okonkwo, ti Rédíò Nàìjíríà. Ó ń kì àwọn agbábọ́ọ̀lù bí onírárà ṣe ń kì ọlọ́lá lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Òun ló sọ Odegbami di Mathematical, tó pe Christian Chukwu ní Chairman, tó sì wá sọ Yisa Sofoluwe di Dean of Defence. Àwọn ìyá tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ń pe orúkọ wọ̀nyí geere. Àwọn tó jókòó nínú pápá gan-an, tí ojú wọn rí bọ́ọ̀lù, tún ń gbé rédíò dání kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

Bàbá afọ́jú kan máa ń ti Ìlàjẹ ní Bàrígà wá gbọ́ bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wa. Yóò na ìka kan lé tábìlì. Bí bọ́ọ̀lù bá gba ọ̀tún, ìka á gba ọ̀tún. Bó bá bọ́ sí àárín, ìka á bọ́ sí àárín. Bí Okonkwo bá gbé ohùn sókè, ìka náà á sáré lọ sétí tábìlì, bàbá á sì ti dìde kí góòlù tó wọlé. Nígbà tí ẹlòmíràn bá gba ẹ̀rọ, tó ń pariwo láì sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ìka á dúró sójú kan. Bàbá á ní, "Èyí kò mú mi dé pápá."

Èmi kò tíì rí òṣùwọ̀n tó dára ju ìka yẹn lọ. Owó oṣù kan náà lè wà fún ẹni tó ń mú ìka náà rìn àti ẹni tó ń dá a dúró. Ohun tó fi yàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, kò sí nínú owó oṣù. Gbèsè ni, ọpẹ́ nìkan la sì lè fi san án.

Ẹ̀gbọ́n kan ní mọ́sáláṣí wa kò gbà. Ó ní àmì-ẹ̀yẹ ń kọ́ni ní ṣekárími, pé kí oníṣẹ́ máa wá ẹ̀san lọ́dọ̀ Allah nìkan. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí mo ti rí àwọn tó ń sanwó pátákó tí wọn yóò fi yin ara wọn. Ṣùgbọ́n Ànábì kọ́ wa pé ọpẹ́ wa sí Ọlọ́run kò pé nígbà tí a bá fi ti ènìyàn sílẹ̀. Kí ẹni tó gba ọlá máa ṣọ́ ọkàn ara rẹ̀; ọpẹ́ tó jẹ mọ́ èmi, ọrùn mi ló wà. Èwo ni ṣekárími ẹni tí ojú kankan kì í rí lẹ́nu iṣẹ́?

Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìròyìn bọ́ọ̀lù, kí wọ́n gba tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹnì kan ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde, kò sí ẹni tó lè bá a yàn án. Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ èyí: láti ọdún 1978 ni ilé ìrántí béésìbọ́ọ̀lù wọn ti ń fi àmì-ẹ̀yẹ Ford C. Frick dá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lọ́lá, Mel Allen àti Red Barber ló kọ́kọ́ gbà á.

Okonkwo kú ní 1990. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lónìí, lédè Yorùbá àti lédè mìíràn, ṣì wà láàyè, wọ́n ṣì lè gbọ́ orúkọ ara wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín àmì-ẹ̀yẹ, ẹ jẹ́ kí àwọn afọ́jú jókòó sínú ìgbìmọ̀ tí yóò yan aròyìn bọ́ọ̀lù tó pegedé. Ilé ẹ̀kọ́ Pacelli tó wà fún wọn kò kúkú jìnnà, Sùúrùlérè tí pápá ìṣeré wà náà ló wà. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń mú wọn dé pápá, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sókè ti onígbọ̀wọ́.