Ariwo Tí À Ń Pa Lé Wọn Lórí

Bí eré bá parí ní Ọjọ́ Àìkú, tí mo pa tẹlifíṣọ̀n, ariwo ẹ́ńjìnnì kì í kúrò létí mi bọ̀rọ̀. Mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́ sínú yàrá kí n tó dìde. Kì í ṣe ẹni tó gbégbá orókè ni mo máa ń rò nígbà náà, nítorí ìyẹn ti hàn sí gbogbo ayé. Àwa òǹwòran ni mo máa ń rò, àwa tí a kò gun nǹkan kan, tí a kò ṣubú, síbẹ̀ tí ohùn wa há bí ẹni tó ti ojú ogun bọ̀. Kí là ń fi ariwo wa ṣe gan-an?

Oṣù Kẹfà ọdún 2016 ni ìbéèrè yìí wọ̀ mí lọ́kàn, ní òpin ọ̀sẹ̀ tí eré alùpùpù MotoGP wáyé ní Montmeló, lẹ́bàá ìlú Barcelona ní Sípéènì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ní Sepang ní ilẹ̀ Malaysia, Valentino Rossi ará Ítálì àti Marc Márquez ará Sípéènì ń já ara wọn sílẹ̀ léraléra, títí Rossi fi tì í lọ sí etí ọ̀nà ní kọ́nà kan. Ara kan ara, Márquez ṣubú. Àwọn alákòóso eré fìyà jẹ Rossi: ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ eré àṣekágbá ní Valencia. Ó sáré láti ẹ̀yìn pátápátá dé ipò kẹrin, ṣùgbọ́n kò tó. Jorge Lorenzo, tí wọ́n jọ ń du ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, ní póìǹtì 330, òun ní 325. Póìǹtì márùn-ún péré ló já ife-ẹ̀yẹ kẹwàá gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni àwa tí a fẹ́ràn Rossi ti sọ Márquez di ọ̀tá. Níbi tí àwọn èèyàn bá ti wọ aṣọ yẹ́lò tí wọ́n kọ 46, nọ́ńbà Rossi, sí, bí Márquez bá yọjú, wọn a hó lé e lórí. Èmi náà hó. Èmi nìkan ni mo wà nílé, kò sẹ́ni tó gbọ́ mi, síbẹ̀ mo hó. Bó bá sì ṣubú, mo máa ń pàtẹ́wọ́. Mo ń sọ ọ́ síta lónìí nítorí pé ó ń dùn mí.

Ní Ọjọ́ Ẹtì òpin ọ̀sẹ̀ Montmeló yẹn, nígbà tí wọ́n ṣì ń gbára dì, Luis Salom, ọmọ Mallorca, ṣubú ní kọ́nà kejìlá. Kò jí mọ́. Ẹni ọdún 24 ni. Eré Moto2, ìpele tó wà lábẹ́ MotoGP, ló ń sá, kò sí nínú ìjà àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn rárá. Wọ́n bá ìdílé rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìdílé ní kí eré máa lọ. Ní Ọjọ́ Àìkú, Rossi ló gbapò kìíní, Márquez ṣe ìkejì. Nígbà tí wọ́n gbé alùpùpù wọn dúró, tí òógùn ṣì bò wọ́n, wọ́n na ọwọ́ síra wọn, wọ́n sì bọra lọ́wọ́. Kò pẹ́ rárá. Bí èèyàn bá bojú wẹ̀yìn, kò ní rí i. Ṣùgbọ́n ojú tì mí nínú yàrá mi. Àwọn tó nìjà ti na ọwọ́ síra wọn, èmi tí n kò nìjà ṣì di ìkùnsínú mọ́ra.

N kò ní parọ́ pé ìjà wọn parí síbẹ̀. Ní Argentina lọ́dún 2018, Márquez tún kọlu Rossi, Rossi ṣubú, àwọn èèyàn Rossi kò sì gbà fún Márquez nígbà tó wá tọrọ àforíjì. Èèyàn ni wọ́n. Ẹni tó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkejì lè bínú sí i. Àwa ńkọ́? A kì í bá wọn pín nínú ewu náà. Ní Mugello lọ́dún 2023, Brad Binder, ọ̀kan nínú wọn, sáré dé kìlómítà 366 ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá sì dé kọ́nà, wọn a dẹ̀gbẹ́ títí ìgbúnwọ́ wọn yóò fi máa họ ilẹ̀. Kò sí irin tó bò wọ́n bíi ti ọkọ̀. Ohun tí wọ́n wọ̀ sára, bí akoto àti aṣọ awọ, ni ààbò wọn.

Bí mo bá rò ó débẹ̀, Marco Simoncelli, olùsáré alùpùpù ará Ítálì, ni mo máa ń rántí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, òun àti Dani Pedrosa ará Sípéènì kọlura ní Le Mans, egungun èjìká Pedrosa sì kán. Inú bí àwọn olólùfẹ́ Pedrosa ní Sípéènì débi pé àwọn kan fi ikú halẹ̀ mọ́ Simoncelli kó tó dé Montmeló fún eré oṣù Kẹfà. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Simoncelli ṣubú ní Sepang, ó sì kú. Ẹni ọdún 24 lòun náà. Rossi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wà lára àwọn méjì tí alùpùpù wọn gbá a.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ní Valencia, ní Sípéènì kan náà, wọn kò dákẹ́ ìṣẹ́jú kan fún un. Ariwo ni bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n pa. Ẹ́ńjìnnì ké, wọ́n yin báńgà, àwọn èèyàn sì kígbe.

Ariwo kan náà ni. Ọ̀fun kan náà ló ti jáde. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìhàlẹ̀ ìgbà yẹn kò ṣeé kó padà ní oṣù Kẹwàá. Òǹwòran kò ní ohun mìíràn tó lè fún ẹni tó wà lórí alùpùpù ju ohùn rẹ̀ lọ. Bí a bá wá fi ohùn yẹn ṣépè, kí ló tún kù tí a ó fi sìnkú?

Mo ṣì fẹ́ràn Rossi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fi eré yìí sílẹ̀ láti ọdún 2021. Mo ṣì máa ń kígbe. Ṣùgbọ́n n kì í pàtẹ́wọ́ mọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú. Ìwọ tí ò ń wò ó, ta ni o kò fẹ́ràn nínú wọn? Bó bá ṣubú lọ́sẹ̀ yìí, jọ̀ọ́, pa ẹnu mọ́ títí yóò fi dìde.