Ta Ló Jẹ̀bi Nígbà tí Èrò Bá Ṣẹ̀?

Ní ọdún 1949, ní ìlú Munich ní Jámánì, Martin Lindauer, onímọ̀ nípa ẹranko, rí agbo oyin kan tó so rọ̀ bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Díẹ̀ nínú wọn ń jó lórí ara àwọn yòókù. Ijó oyin kò ṣàjèjì sí i; ọ̀gá rẹ̀, Karl von Frisch, ti ṣàlàyé pé ijó ni oyin fi ń júwe ibi tí òdòdó wà fún ara wọn. Ìdọ̀tí ara wọn ló yà á lẹ́nu. Eruku òdòdó kọ́ ló wà lára àwọn oníjó wọ̀nyí. Òmíràn dúdú bí ìdí ìkòkò, òmíràn pọ́n fún eruku bíríkì, ìyẹ̀fun sì bo òmíràn. Ohun tí wọ́n ń wá káàkiri ìlú tí bọ́ǹbù ti fọ́ náà kì í ṣe oúnjẹ. Ilé ni.

Thomas Seeley, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ náà dé erékùṣù Appledore ní ìpínlẹ̀ Maine, ibẹ̀ ló sì ti rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ. Agbo oyin lè tó 10,000, ṣùgbọ́n yèyé wọn kì í pàṣẹ ibi tí wọn yóò kó lọ. Àwọn amí bíi ọgọ́rùn-ún mélòó kan ló ń wá ilé. Èyí tó bá rí ihò tó dára á padà wá jó, bí ilé náà bá sì ti dára tó ni ijó náà ṣe ń pẹ́ tó. Amí tó wo ijó yìí kì í kàn dìde kó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó ní láti fò lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó rìn yí inú ihò náà ká, kó tó wá jó tirẹ̀. Bó sì ti ń lọ tó ń bọ̀ ni ijó rẹ̀ ń kúrú, títí yóò fi dákẹ́, ìbáà jẹ́ pé ilé tó rí dára. Nígbà tí amí bíi 20 sí 30 bá pé sẹ́nu ihò kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò pẹ́ tí gbogbo agbo á fi gbéra.

Ìjàlọ kì í lọ wò. Ní Guyana, William Beebe, onímọ̀ nípa ẹranko, rí ọ̀wọ́ ìjàlọ tí wọ́n ń yí po lójú kan. Òbìrípo náà tó mítà 365 yíká, kòkòrò kọ̀ọ̀kan sì ń lo wákàtí 2 ààbọ̀ kó tó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ 2 ni wọ́n fi rìn bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì kú. Kò sí ọ̀lẹ nínú wọn, kò sí ọ̀dàlẹ̀. Òórùn ẹni iwájú ni kóówá ń tọ̀.

Ènìyàn ńkọ́? Ní nǹkan bí ọdún 1951, Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi ìlà kan han àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ó ní kí wọ́n mú èyí tó bá a dọ́gba nínú ìlà 3. Ọmọdé lè gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó yí ẹnìkan ká ti bá Asch mulẹ̀ láti pa irọ́ kan náà. Nínú ìdáhùn 3, bíi 1 ni ẹni náà fi ń gbè sẹ́yìn irọ́ ọ̀hún, pẹ̀lú ojú méjèèjì tó fi ń ríran. Síbẹ̀, bí ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn bá sọ òótọ́, ẹnu ẹni tí wọ́n ń dán wò á là, ìdáhùn irọ́ á sì dín kù púpọ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu nítòsí Port Harcourt, èrò pa akẹ́kọ̀ọ́ 4 ti Yunifásítì Port Harcourt lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn wọ́n. Ẹni tó bá ti dúró níbi irú rẹ̀ mọ bó ṣe ń rí. Ẹni ẹ̀yìn kò rí ojú ẹni tí wọ́n ń lù. Ẹ̀yìn ẹni iwájú rẹ̀ nìkan ló ń rí. Ariwo "Olè! Olè!" ni òórùn tí òun ń tọ̀. Ẹnìkan ti sáré lọ wá táyà. Kò béèrè ohun tí wọ́n jí, ẹni tó rán an náà kò sì béèrè.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ta ló ṣẹ̀? Èrò kò ní orí. Àwọn àgbà ní àkúnlẹ̀yàn ni ti ẹ̀dá, ẹnìkọ̀ọ̀kan ló sì kúnlẹ̀ yan orí tirẹ̀. Òfin inú Ẹ́kísódù kọ̀ fún ọmọ Ísírẹ́lì láti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ ṣe ibi. Kùránì náà kọ́ni pé ọrùn oníkálukú ni ẹrù rẹ̀ yóò wà. Ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ìdájọ́ sọ́rùn ẹyọ ènìyàn kan, nígbà tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fi hàn pé ara ẹnìkejì ni ẹyọ ènìyàn ti ń mú ìṣe rẹ̀. Ó rọrùn láti sọ èyí di àwáwí: "Ọwọ́ mi kọ́, ọwọ́ èrò ni." Àwáwí yẹn kò dúró. Oyin náà ń mú ìṣe lára ẹnìkejì, síbẹ̀ ó ń lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn kì í ṣe pé ó tẹ̀lé èrò. Ìrìn tí kò rìn kó tó pariwo ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ní Port Harcourt dájọ́ ikú fún ènìyàn 3 lórí ọ̀rọ̀ Aluu. Ọlọ́pàá ni ọ̀kan nínú wọn. Fídíò ọjọ́ náà ti kárí ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ojú tó wà nínú rẹ̀ sì ju 3 lọ.