Ọrùn Ta Ni Ẹ̀ṣẹ̀ Ẹ̀rọ Wà?

Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá rẹ́ ènìyàn jẹ, ọmọ aráyé bíi tirẹ̀ ni yóò tọ́ka sí, tí yóò sì wọ́ lọ síwájú baálẹ̀ tàbí adájọ́. Ṣùgbọ́n lóde òní, tí a ti fi kọ̀ǹpútà jẹ adájọ́ lórí ẹni tí yóò rí owó yá, ẹni tí a ó gbà síṣẹ́ àti aláìsàn tí a ó kọ́kọ́ tọ́jú, a lè rẹ́ ẹgbàágbèje ènìyàn jẹ láìjẹ́ pé ẹnì kan gbèrò ibi sí wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọrùn ta ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Ziad Obermeyer àti àwọn onímọ̀ mẹ́ta mìíràn tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science, lórí ètò kọ̀ǹpútà kan tí àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà fi ń ṣa àwọn tí ìtọ́jú àkànṣe tọ́ sí. Kò sí ẹni tí ó sọ àwọ̀ ara aláìsàn fún ẹ̀rọ náà. Síbẹ̀, bí ó bá fún aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ní máàkì kan náà, àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ń bá aláwọ̀ dúdú jà ni ó máa ń pọ̀ jù. Iye owó tí a ó ná lórí aláìsàn ni ẹ̀rọ náà ń sọ tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń mọ bí àìlera rẹ̀ ti tó. Bẹ́ẹ̀ ni owó tí a ń ná lórí àwọn aláwọ̀ dúdú kò tó èyí tí a ń ná lórí àwọn aláwọ̀ funfun tí àìlera wọn jọ tiwọn, nítorí ìdènà tí ó ti wà lọ́nà wọn sí ìtọ́jú láti ìgbà pípẹ́. Bí a bá mú àbùkù yìí kúrò, ìdá àwọn aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn tí ẹ̀rọ yàn yóò gòkè láti 17.7 sí 46.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹlòmíràn lè wí pé ẹ̀rọ kò lọ́kàn, kò kórìíra ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Kóńgò tí ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú kò mọ̀ pé òun ń rẹ́ni jẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi í wọn gààrí tà ní láti yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ẹni tí ó fi owó ṣe òṣùwọ̀n ìrora ti dá ẹjọ́ kí ẹ̀rọ tó fọhùn, ẹni tí ó sì tẹ̀ lé ìdájọ́ náà láìwádìí ti fọwọ́ sí i. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ẹni tí ó fi ẹ̀rọ bojú dà bí ẹni tí ó ta ọfà sókè tí ó yí odó borí: bí ọba ayé kò rí i, tòkè ń wò ó. Olódùmarè, Ọba adákẹ́dájọ́, Arínúróde, Olùmọ̀ràn ọkàn, Òun nìkan ni ó mọ ènìyàn délẹ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa wa ni ẹ̀rọ mọ̀, ìyẹn kò sì tó dá wa lẹ́jọ́.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí àti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà jọ pààrọ̀ òṣùwọ̀n rẹ̀, ojúsàájú náà fi ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn tó tún ṣe, ọrùn ènìyàn ni ẹ̀bi rẹ̀ wà. Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin olórí ilé ìwòsàn àti ẹ̀yin aláṣẹ ìlú, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìdájọ́ ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n fi wọn ènìyàn nínú rẹ̀.